Wákàtí Mélòó Ni Iṣẹ́ Náà Gbà? Bí A Ṣe Lè Mọ Owó Iṣẹ́ Tó Tọ́ Lórí Ẹ̀rọ Amúnáwá

Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá lóṣù yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀ sísè tàbí ti aṣọ rírán, ṣùgbọ́n ó kan owó oúnjẹ ilé gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá ni, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní jẹnẹrétọ̀. Pàápàá jù lọ, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ tí à ń san fún ẹni tó bá wa tún un ṣe.

Ní Nàìjíríà, orúkọ iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ti yí padà léraléra. Ọdún 1972 ni wọ́n dá NEPA sílẹ̀. Ó di PHCN ní ọdún 2005. Nígbà tó di ọdún 2013, ìjọba ti pín in, wọ́n sì ti ta èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún àwọn aládàáni. Orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n òkùnkùn kò kúrò nílé. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ amúnáwá fi di ara ẹrù ilé bí ọlọ àti odó, láti orí èyí kékeré tí àwọn aráàlú sọ ní "I better pass my neighbour" títí dé orí àwọn ńlá tó ń gbé gbogbo ilé. Aránṣọ ń fi í rán aṣọ, onídìrí ń fi í gbẹ irun, ẹni tó ń ta ẹja dídì ń fi í mú ẹja tutù. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ọjà dákẹ́ nìyẹn.

APÁ MÉJÌ NI OWÓ ÀTÚNṢE NÍ

Bí a bá gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, apá méjì ni owó tí yóò dá lé wa. Apá kìíní ni owó àwọn ẹ̀yà tó fẹ́ rà: plọ́ọ̀gì, ríǹgì, gásíkẹ́ẹ̀tì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Apá kejì ni owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní wọ́kìmánṣíìpù. Apá kìíní kò le púpọ̀. Obìnrin tó mọ ọjà ná lè ya ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kó bèèrè iye plọ́ọ̀gì, yóò sì mọ ibi tí òótọ́ wà. Ṣùgbọ́n ọjà wo ni a ti ń bèèrè iye owó iṣẹ́ ọwọ́? Kò sí. Ẹnu ọ̀gá mẹkáníìkì nìkan ló ti ń jáde, ó sì lè jẹ́ pé bàtà tí ẹ wọ̀ tàbí mọ́tò tí ẹ gbé wá ni ó wò kó tó là á.

Ká má parọ́, kì í ṣe mẹkáníìkì nìkan ló ń rẹ́ni jẹ. Àwa náà ń rẹ́ wọn jẹ. Bí ọ̀gá kan bá fi ogún ìṣẹ́jú tún ẹ̀rọ ṣe, a ó wò ó lókè wò ó nílẹ̀, a ó ní, "Ṣé ohun tí ẹ ṣe náà nìyí tí ẹ ń gba iye yìí?" A ti gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ ọmọ iṣẹ́ kó tó lè fi ogún ìṣẹ́jú ṣe é. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá rí èyí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, yóò kọ́gbọ́n. Yóò gbà pé iṣẹ́ tó yá kò lówó lórí. Bí a bá tún gbé òmíràn wá, yóò ní kí a fi í sílẹ̀ di ọ̀túnla. Ẹ̀rọ náà yóò wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, títí a ó fi gbà pé iṣẹ́ ńlá ni. Ọ̀nà tí à ń gbà sanwó ni ó kọ́ ọ ní ìlọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí èyí ń gbà lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ tí ó yẹ kó gba wákàtí kan di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, ẹja ìyá ẹlẹ́ja ń rà, aṣọ oníbàárà aránṣọ ń pẹ́, onídìrí ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n padà wá lọ́la. Ohun tí wọ́n pàdánù lè ju gbogbo owó tí mẹkáníìkì bèèrè lọ. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú "Èló ni?" ni "Wákàtí mélòó ni iṣẹ́ náà gbà?"

A TI Ń ṢE É TẸ́LẸ̀

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe yín bí àjèjì. Àwa obìnrin ti mọ̀ ọ́n ní ilé wa. Bí ẹ bá lọ dirí, ṣé iye wákàtí tí ẹ fi jókòó ni onídìrí ń gba owó lé lórí? Rárá o. Owó ṣùkú ni owó ṣùkú, owó kòlẹ́sẹ̀ ni owó kòlẹ́sẹ̀. Onídìrí tí ọwọ́ rẹ̀ yá kì í gba owó tó kéré nítorí pé ó tètè parí, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kò lè gba owó méjì nítorí pé ó pẹ́ lórí yín. Bákan náà ni ìró àti bùbá lọ́dọ̀ aránṣọ.

Àwọn baba wa náà kò ṣe aláìmọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá gba alágbàṣe láti kọ ebè, ebè ni wọ́n ń kà, igba igba, kì í ṣe òòrùn ni wọ́n ń wò. Nínú àáró ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá bá ẹnì kejì rẹ̀ ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan lóko ń retí iṣẹ́ ọjọ́ kan padà. Òdiwọ̀n wà, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí iṣẹ́ orí ẹ́ńjìnnì kò ní ní tirẹ̀?

Àkókò òdiwọ̀n ni a ó máa pe ohun tí à ń wí yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni iye àkókò tí iṣẹ́ kan yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, tí irinṣẹ́ rẹ̀ pé, tí kò sáré àsápajúdé, tí kò sì lọ́ra.

IBI TÍ AAGO TI WỌ IṢẸ́

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti kọ́kọ́ gbé aago lé iṣẹ́ irin lórí ní ọ̀nà tí a ń wí yìí. Ní àwọn ọdún 1880, Ọ̀gbẹ́ni Frederick Winslow Taylor, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ irin Midvale ní ìlú Philadelphia, bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, ó sì ń fi aago ka ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Ní ọdún 1911 ló tẹ ìwé jáde lórí ètò yìí. Nínú oṣù kẹjọ ọdún kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rọ irin dídà ní iléeṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ní Watertown, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ju irinṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n gbé aago dúró lé wọn lórí. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn aṣòfin, wọ́n wádìí rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 1915 wọ́n fi òfin de lílo irú aago bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ iléeṣẹ́ ológun. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé òdiwọ̀n tí a kò bá bá oníṣẹ́ jọ jókòó ṣe, pàṣán ni yóò dà lójú rẹ̀.

Obìnrin kan wà tó rí i lọ́nà mìíràn. Ìyáàfin Lillian Gilbreth, ẹni tí a bí ní ọdún 1878, àti ọkọ rẹ̀ Frank, kò fi ojú "yára, yára" wo iṣẹ́. Ohun tí àwọn ń wá ni ìṣísẹ̀ tí kò wúlò, kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò. Frank wo àwọn tó ń to bíríkì, ó rí i pé ìṣísẹ̀ 18 ni wọ́n ń lò lórí bíríkì kan. Ó tún ètò iṣẹ́ náà ṣe títí ó fi dín sí bíi 5. Bíríkì pọ̀ sí i, ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ sì sinmi. Nígbà tí Frank kú ní ọdún 1924, ọmọ mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ ìyá yìí. Ó gbé ìmọ̀ náà wọ ilé ìdáná, ó ń wo bí obìnrin ṣe ń rìn láti ìdí ààrò dé ìdí omi, ó sì ń bèèrè bí tábìlì ìdáná ṣe yẹ kó ga tó kí ẹ̀yìn má baà máa dun ìyá ilé. Ọmọ wa ni ìmọ̀ yìí, ẹ̀yin obìnrin. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ti ọkùnrin nìkan ni.

Láti inú irú ìmọ̀ yìí ni àwọn ìwé àkókò iṣẹ́ ti wá fún àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Gbogbo iṣẹ́ ni a kọ sínú wọn pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Wọ́n pín wákàtí kan sí ọ̀nà mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí ìwé bá kọ 0.5 sí iwájú iṣẹ́ kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Bí ó bá kọ 1.2, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìlá ni. Ká ní ọ̀gá kan ń gba ₦5,000 fún wákàtí kan, owó iṣẹ́ 1.2 yóò jẹ́ ₦6,000. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta parí rẹ̀, ₦6,000 ni. Bí ó bá fi wákàtí mẹ́ta ṣe é, ₦6,000 náà ni.

BÍ A ṢE Ń DÁ ÀKÓKÒ FÚN IṢẸ́

Kì í ṣe pé ẹnì kan kàn jókòó sílé tó ń méfò. Lákọ̀ọ́kọ́, a ó sọ ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Bí a bá ní "fífọ kabúrétọ̀", ṣé yíyọ ọ́ àti dídá a padà wà nínú rẹ̀? Ṣé títan ẹ̀rọ wò wà nínú rẹ̀? Lẹ́yìn èyí, a ó wo ẹni tó mọ iṣẹ́ náà bó ṣe ń ṣe é ní ìgbà púpọ̀. Kì í ṣe ẹni tó yára jù ládùúgbò ni a ó wò, kì í sì í ṣe ọmọ iṣẹ́ tuntun. A ó kọ ìṣẹ́jú tó gbà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, a ó sì mú èyí tó wà láàárín.

Ó tún ku ohun kan tí àwọn tó ń kánjú máa ń gbàgbé. Ènìyàn ni oníṣẹ́. Yóò mu omi, yóò nu òógùn, yóò wá sípánà tó sá sábẹ́ tábìlì. Nítorí náà a ó fi ìsinmi díẹ̀ kún un. Bí iṣẹ́ bá gba ogójì ìṣẹ́jú, tí a sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì ni àkókò òdiwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ìsinmi kúrò nínú òdiwọ̀n ń fi ènìyàn ṣe ẹ̀rọ ni.

LÓRÍ Ẹ̀RỌ ILÉ WA

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e ka orí ẹ̀rọ amúnáwá tó ń lo epo pẹtiróòlù. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye tí a fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe òfin. A sì gbà pé irinṣẹ́ pé, pé ẹ̀yà tí a fẹ́ fi sí i ti wà nílẹ̀.

Yíyọ plọ́ọ̀gì, fífọ̀ ọ́, wíwọn àlàfo ẹnu rẹ̀ àti dídá a padà kò yẹ kó ju ìdá mẹ́rin wákàtí lọ. Pípààrọ̀ ọ́ìlì lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ dídúró kí ọ́ìlì àtijọ́ ro tán. Pípààrọ̀ okùn tí a fi ń fa ẹ̀rọ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kabúrétọ̀ gba bíi wákàtí kan, nítorí ojú ihò kéékèèké tó wà nínú rẹ̀ kò fẹ́ ìkánjú.

Ríǹgì písítìnì ni iṣẹ́ gidi. A ó tú tánkì epo, a ó tú páìpù èéfín, a ó tú orí ẹ́ńjìnnì, a ó fa písítìnì jáde. Gbogbo ojú tí gásíkẹ́ẹ̀tì ti lẹ̀ mọ́ ni a ó sì há mọ́ tónítóní kí a tó tò ó padà. Ẹni tó bá sọ pé ìdajì ọjọ́ ni òun yóò fi ṣe é kò tàn yín jẹ. Ẹni tó bá sọ pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ẹ gbé ẹ̀rọ yín, ẹ máa lọ.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ẹ̀yà ẹ̀rọ kékeré tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ kí a tó dà á sí i kò ní ibi tí a ń gbé ọ́ìlì lọ́tọ̀ sí nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ owó "pípààrọ̀ ọ́ìlì" fún yín lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ rọra bi í pé ibo ló ti fà á jáde.

OHUN TÍ AAGO KÒ LÈ KÀ

Àkókò òdiwọ̀n wà fún iṣẹ́ tí a ti mọ̀, kò sí fún àbùkù tí a kò tíì rí. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti tan, ó lè jẹ́ epo tó ti pẹ́ jù nínú tánkì, ó lè jẹ́ plọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ kọ́ìlì. Wíwá àbùkù náà jẹ́ iṣẹ́ lọ́tọ̀, ọpọlọ sì ni ó fi ń ṣe é ju ọwọ́ lọ. Ẹ bá ọ̀gá ṣe àdéhùn owó ìwádìí, kékeré, kó tó fi sípánà kan an. Bí ẹ kò bá sanwó ìwádìí, yóò wá a gbà nínú ẹ̀yà tí kò bàjẹ́.

Èkejì ni ìpẹtà. Bóòtì tó ti dógùn-ún lè ṣẹ́ mọ́ inú ihò rẹ̀, yíyọ rẹ̀ sì lè gbà ju iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ wá lọ. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ojúṣe rẹ̀ ni láti dúró, kó pè yín, kó fi hàn yín, kí ẹ jọ fi kún àdéhùn kó tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ ìdúró. Bí wọ́n bá tún kọ́ìlì wé, fáníìṣì tí wọ́n fi bò ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí wọ́n bá gbé sílíńdà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ léèdì, a ó dúró de tirẹ̀. Ọjọ́ ìdúró kì í ṣe wákàtí iṣẹ́. Ẹ̀rọ lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ti wákàtí mẹ́ta péré. Ẹ bèèrè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: wákàtí mélòó ni ẹ ó fi ṣiṣẹ́, ọjọ́ wo ni mo máa wá gbé e?

Bí a bá sì ní iye wákàtí jẹ́ ọ̀kan, owó wákàtí kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀gá tó ń san owó ṣọ́ọ̀bù, tó ní irinṣẹ́ tó pé, lè gba ju ẹni tó wà lábẹ́ igi lọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé iṣẹ́ wákàtí kan fún ọmọ iṣẹ́ tó fi wákàtí mẹ́ta ṣe é, owó wákàtí kan ni yóò gbà lọ́wọ́ yín. Méjì tó kù, ẹ̀kọ́ ọmọ náà ni, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò sì rù ú.

KÍ ÌKÁNJÚ MÁ BAÀ BA IṢẸ́ JẸ́

Òdiwọ̀n ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé iye kan náà ni òun yóò gbà lè fẹ́ sáré kó lè gba iṣẹ́ mìíràn. Yóò fi gásíkẹ́ẹ̀tì lé ojú tí kò há mọ́, yóò mú bóòtì kan le ju èkejì lọ. Ohun méjì ló ń dènà èyí. Àkọ́kọ́, kí ìdánwò wà nínú àdéhùn: kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lójú yín, kó sì gbé ẹrù tó máa ń gbé nílé, kì í ṣe gílóòbù kan ṣoṣo. Ìta gbangba ni kí ìdánwò náà wà, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani láìsí òórùn tí a ó fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má gbà kí a tan án nínú ilé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ní ìdí fèrèsé. Èkejì, kí ẹ fẹnu kò lórí iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà yóò fi dúró. Bí àbùkù kan náà bá padà dé kí ọjọ́ náà tó pé, kò ní gba owó iṣẹ́ mọ́.

OHUN TÍ Ẹ LÈ BẸ̀RẸ̀ LÓNÌÍ

Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ so ó mọ́ ìdí ẹ̀rọ. Ìgbàkígbà tí a bá tún un ṣe, ẹ kọ ọjọ́, àbùkù, wákàtí tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, owó ẹ̀yà àti owó iṣẹ́. Ẹ gba ẹ̀yà àtijọ́ padà, kí ẹ sì fi ojú rí i. Kí ọdún tó yípo, òdiwọ̀n ẹ̀rọ yín yóò ti wà lọ́wọ́ yín. Bí obìnrin mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ ọjà kan bá kó ìwé wọn jọ, wọn yóò lè bá ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àdúgbò wọn jókòó, kí wọ́n jọ kọ àkókò iṣẹ́ bíi mẹ́wàá tó wọ́pọ̀ jù, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí ẹ sì máa ka wákàtí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́. Ìwé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbé ọ́ìlì lọ́tọ̀ sọ pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ lẹ́yìn 20 wákàtí, lẹ́yìn náà ní 100 wákàtí tàbí oṣù mẹ́fà, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Kí a sì fọ fílítà afẹ́fẹ́ ní 50 wákàtí. Ilé tó ń tan ẹ̀rọ fún wákàtí márùn-ún lálẹ́ yóò pé 100 wákàtí ní ogúnjọ́ péré. Ẹni tó bá ń dúró de oṣù mẹ́fà ń fi iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ra iṣẹ́ ìdajì ọjọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ bi ọ̀gá ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé wákàtí mélòó ni iṣẹ́ náà gbà. Bí ó bá sọ iye tó tọ́, tó sì parí rẹ̀ kí wákàtí tó pé, ẹ san owó rẹ̀ pé, ẹ fi ẹ ṣeun kún un, ẹ má ná an sílẹ̀ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Iṣẹ́ ni a ń sanwó fún, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀rọ fi jókòó. Ìgbà tí oníṣẹ́ bá mọ̀ pé a mọ èyí ni ẹ̀rọ wa yóò máa tètè padà wálé.